Samuel Selvon

Samuel Dickson Selvon (ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1923 – ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, ọdún 1994), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Sam Selvon, jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Trinidad. Ìwé tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni The Lonely Londoners (1956), èyí tí ó dá lórí àwọn ayálégbé tí wọ́n ṣí wá láti àwọn erékùṣù Karibíánì sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ìgbésí ayé rẹ̀

Ìlú San Fernando ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Íńdíà láti Madras ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Íńdíà àti ti Skọ́tlándì. Ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì fún ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ojú omi, lẹ́yìn náà ni ó di akọ̀ròyìn ní Trinidad Guardian. Ní ọdún 1950, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ kan náà tí George Lamming, òǹkọ̀wé ọmọ Barbados, wọ̀. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, A Brighter Sun, jáde ní ọdún 1952.

Èdè inú The Lonely Londoners

Ìwé yìí kò tẹ̀lé ìtàn gbọọrọ kan ṣoṣo. Ìtàn kéékèèké ni, tí wọ́n so kọ́ra. Yàrá Moses Aloetta ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, owó ilé, àwọn onílé tí kò gba aláwọ̀ dúdú, àti ṣílè tí wọn yóò sọ sínú míta gáàsì kí yàrá lè móoru. Ọmọ Nàìjíríà kan wà láàrin wọn, Cap. Wọ́n rán an wá kọ́ ìmọ̀ òfin, ó fi owó ẹ̀kọ́ jayé, ó sì ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láìsan owó. Nígbà tí ebi dójú ẹ̀, ẹyẹ òkun tí ń bà lórí òrùlé ni ó ń mú pa jẹ. Òǹkàwé yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé ebi ni.

Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò ni Selvon kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lọ. Ìgbà tí ó jẹ́ kí asọ̀tàn fúnra rẹ̀ máa sọ èdè àwọn ènìyàn Trinidad ni ọ̀nà là, ó sì parí rẹ̀ láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú A Brighter Sun, ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn nìkan ni èdè náà ti ń jáde. Asọ̀tàn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé, bí ẹni pé ó dúró lórí òkè tí ó ń wò wọ́n nísàlẹ̀. Nínú The Lonely Londoners, òun àti wọ́n jọ jókòó sínú yàrá kan náà ni. Selvon kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó dán irú èyí wò: V. S. Reid ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Jamaika nínú New Day (1949). Selvon sì tún èdè náà ṣe kí àjèjì lè kà á, nítorí náà kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kà á sí àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn

Ìtàn kéékèèké ni ó wà nínú Ways of Sunlight (1957). Nínú The Housing Lark (1965), àwọn ayálégbé ń dá owó jọ kí wọ́n lè ra ilé tiwọn. Moses padà wá nínú Moses Ascending (1975): ó ti di onílé, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé tiraka láti kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìwé tó parí, yàrá ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó bá ara rẹ̀. Selvon wà lára àwọn tí ó kọ fíìmù Pressure, tí Horace Ové darí.

Ní ọdún 1978, ó kó lọ sí Kánádà. Ó ṣe iṣẹ́ agbálẹ̀ fún oṣù díẹ̀ ní Yunifásítì ìlú Calgary, kí yunifásítì kan náà tó gbà á gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé àlejò. Ìgbà tí ó ṣe àbẹ̀wò sí Trinidad ni ó kú síbẹ̀ ní ọdún 1994.