Edmond Albius, Ọmọ Ẹrú tí ó Mú Fànílà So Èso

Ní ọdún 1829 ni a bí Edmond sí oko ẹrú ní Sainte-Suzanne, ní erékùṣù Bourbon tí à ń pè ní Réunion lónìí, nínú Òkun Íńdíà, lábẹ́ ìjọba Faransé. Orí ìkúnlẹ̀ ni Mélise ìyá rẹ̀ kú sí. Kò ní orúkọ ìdílé, nítorí ẹrú kì í ní in.

Ọ̀gbẹ́ni Bellier-Beaumont, olóko tí ó fẹ́ràn ewéko púpọ̀, ni ó tọ́ ọ dàgbà. Kò fi í sí ilé ìwé. Inú ọgbà ni ó ti ń kọ́ ọ. Ó fi òdòdó irú elégédé kan hàn án: ọ̀kan jẹ́ akọ, èkejì jẹ́ abo, bí a bá mú ìyẹ̀fun inú akọ kan abo, èso yóò dé. Ẹ̀yin olùkọ́, ta ni kò ní elégédé lẹ́yìnkùlé nínú wa?

Igi fànílà wà nínú ọgbà náà. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni a ti mú un wá, ṣùgbọ́n oyin tí ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò bá a wá. Fún bí ogún ọdún ni ó fi ń yọ òdòdó láìso. Akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó pààlà sí wọn, òdòdó náà sì ń rọ ní ọjọ́ tí ó bá là.

Ní ọdún 1841, olóko náà rí èso méjì lórí igi rẹ̀. Edmond, ọmọ ọdún 12, sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbà á gbọ́, títí ọmọ náà fi ṣe é lójú rẹ̀: ó fi igi tínrín gbé awọ náà sókè, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun akọ mọ́ abo. Ó parí. Ọ̀mọ̀wé Morren ti mú fànílà so ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní 1836, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ kò wúlò fún àgbẹ̀. Ti Edmond ni àwọn ará Madagásíkà ṣì ń lò lónìí.

Àwọn olóko di ọlọ́rọ̀. Richard, ògbóǹtagí nínú ìmọ̀ ewéko, wá sọ pé òun ti fi ọ̀nà náà han àwọn ará erékùṣù náà ní 1838. Bellier-Beaumont kọ̀wé láti já a nírọ́; ó ṣe ohun tí ó tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ni ọmọ náà lẹ́rú.

Ní 1848 ni Faransé fòpin sí oko ẹrú. A fún Edmond ní orúkọ Albius, èyí tí a mú láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí funfun! Ó lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ní Saint-Denis. A dá a lẹ́bi olè, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún mélòó kan kí gómìnà tó dárí jì í nítorí iṣẹ́ fànílà náà. Owó ìfẹ̀yìntì tí a bẹ̀bẹ̀ fún un kò dé. Ní 1880, ó kú ní òtòṣì ní Sainte-Suzanne, níbi tí a gbé bí i.