Ọmọ Alágbẹ̀dẹ tí ó Sáré Tẹ̀lé Mọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé Sàngó-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ariwo ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Ìlú Ọ̀tà ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ Honda ti Nàìjíríà sí. Ọdún 1979 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to alùpùpù. Nígbà tí ó di ọdún 2015, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni Honda? Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn ọkùnrin tí ó ń jẹ́ orúkọ náà.

Soichiro Honda ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1906, ní abúlé kan nítòsí ìlú Hamamatsu ní ilẹ̀ Jàpáànì. Alágbẹ̀dẹ ni Gihei, bàbá rẹ̀. Ó sì máa ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe pẹ̀lú. Inú ariwo òòlù ni ọmọ náà dàgbà sí.

Ní ọjọ́ kan, mọ́tò kan wọ abúlé wọn. Soichiro kò rí irú rẹ̀ rí. Ó sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tí mọ́tò náà dúró, epo kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà tẹ imú mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn epo náà, ó sì fi ra ọwọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ mọ́tò ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ní ọdún 1922, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Tokyo. Ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ tí ó débẹ̀ ni wọ́n fún un ní sípánà. Ọmọ ọ̀gá ni wọ́n ní kí ó máa gbé, kí ó sì máa gbálẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sá padà sílé, ṣùgbọ́n ó mú sùúrù. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ní ọjọ́ kan, ọ̀gá pè é kí ó wá ran àwọn lọ́wọ́. Bí ó ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀ púpọ̀. Wọ́n mú ẹ́ńjìnì bàálù kan tí ń jẹ́ Curtiss, wọ́n sì gbé e ka orí férémù ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan. Honda fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi inú táyà rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1924, ọkọ̀ náà gba ipò kìíní nínú ìdíje. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni Honda jókòó sí, òun ni mẹkáníìkì rẹ̀. Wọ́n ṣì tọ́jú ọkọ̀ náà sí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Honda ní Motegi.

Ṣùgbọ́n eré sísá kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní ọdún 1936, Honda fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ ìje, àbúrò rẹ̀ sì jókòó tì í. Ọkọ̀ mìíràn yọ sí wọn lójijì. Ọkọ̀ wọn gbókìtì, wọ́n sì fara pa. Ẹ̀yin ọmọ, bí ó bá lè rí báyìí fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ní pápá ìje, mélòó mélòó ni ẹni tí ń sá àsápajúdé ní títì márosẹ̀!

Lẹ́yìn èyí, Honda fẹ́ máa ṣe òrùka irin kékeré tí ó máa ń wà lára písítínì inú ẹ́ńjìnì. Ó kó 50 lọ sí ilé-iṣẹ́ Toyota, 3 péré ni wọ́n gbà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Honda wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ìmọ̀ ni kò tó. Ó ti gbéyàwó, ó sì ti di ọ̀gá, síbẹ̀ ó tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Nígbẹ̀yìn, òrùka rẹ̀ di èyí tí wọ́n ń rà.

Ogun àgbáyé kejì àti ìmìtìtì ilẹ̀ ba ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946, ó rí àwọn ẹ́ńjìnì kékeré tí àwọn ológun ti pa tì. Ó so wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Àwọn ènìyàn ń rà á wìtìwìtì. Ní ọdún 1948, ó dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀.

Ó lówó lọ́wọ́ nídìí alùpùpù, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọkọ̀ ìje. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹwàá, ọdún 1965, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, Richie Ginther wa ọkọ̀ Honda tí ń jẹ́ RA272, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Formula 1. Ọkọ̀ Jàpáànì kankan kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Funfun ni ọkọ̀ náà, àmì oòrùn pupa sì wà lára rẹ̀. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju lítà kan ààbọ̀ lọ, bí ìgò omi ńlá kan, síbẹ̀ ó ní sílíńdà 12!

Honda fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ó kú ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, ní ẹni ọdún 84.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó fẹ́ràn mọ́tò tí ń sáré. Ìfẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ kọ́ iṣẹ́ dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti tún ẹ̀kọ́ kọ́ nígbà tí ẹ bá kùnà. Ta ni ó mọ̀ bóyá orúkọ ọmọ Ọ̀tà ni yóò wà lára mọ́tò lọ́jọ́ iwájú?