Codman, Dókítà Èjìká

Ẹni tí èjìká bá ń dùn, tí kò lè gbé apá sókè wọ ẹ̀wù, àwòrán ni dókítà sábà máa ń ní kí ó lọ yà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ àwòrán náà mọ́ra ni ó tún fi yé ayé pé kì í ṣe gbogbo àrùn èjìká ni àwòrán ń rí.

Ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ti bí Ernest Amory Codman ní ọdún 1869. Ọdún 1895 tí ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Harvard gan-an ni Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí X-ray. Kò pẹ́ tí Codman fi ń ya egungun àwọn ọmọdé ní ilé-ìwòsàn wọn ní Boston. Ní 1902, ó kọ̀wé nípa àwọn tí X-ray ti jó lára.

Èjìká ni ó wá gba ọkàn rẹ̀. Egungun tí ó dá, tàbí tí ó yẹ̀ ní oríkèé, X-ray yóò fi í hàn kedere. Iṣan tí ó so ẹran-ara mọ́ egungun ńkọ́? Kì í hàn. Alágbàṣe lè já bọ́ lórí àkàbà, kí àwòrán má fi nǹkan kan hàn, síbẹ̀ kí apá má ṣeé gbé. Ó rọrùn láti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Codman a máa fọwọ́ yẹ èjìká wò, a béèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀, a sì mọ̀ pé iṣan ni ó já. Ní 1909 ó la èjìká, ó rán iṣan náà pọ̀. Ní 1911 ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Òun kan náà ni ó ní kí ilé-ìwòsàn máa tọpinpin aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ̀ bóyá ìtọ́jú wọn ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́. Ní oṣù Janúárì 1915, ó gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan kalẹ̀ níwájú ìpàdé àwọn dókítà: ògòǹgò, tí àwa ń pè ní baba ẹyẹ, ri orí mọ́ iyanrìn, ó ń fẹsẹ̀ ta ẹyin wúrà sí àwọn dókítà. Ariwo ta! Wọ́n ní kí ó fi ipò alága sílẹ̀. Nínú ilé-ìwòsàn tirẹ̀, láti 1911 sí 1916, nínú aláìsàn 337, ó ka àṣìṣe 123, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Lójú tèmi, èyí le ju iṣẹ́ abẹ lọ.

Ní 1934 ni ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí èjìká jáde. Lónìí, ẹ̀rọ MRI àti skáànù tí ń lo ìró ń fi iṣan tí ó já hàn, èyí tí òun ń fọwọ́ wá.

Ó kú ní 1940. Kò sí òkúta kan lórí sàréè rẹ̀ títí di 2014, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ tó gbé ọ̀kan síbẹ̀.