Yuri Gagarin, Ẹni Àkọ́kọ́ ní Gbalasa Òfurufú

Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Yuri Gagarin. Abúlé Klushino ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni a ti bí i ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 1934. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méje, ogun dé. Àwọn ọmọ-ogun Jámánì gba ilé wọn, ni ẹbí náà bá gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, Gagarin kọ́ iṣẹ́ yíyọ́ irin, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ní ìlú Saratov. Níbẹ̀ ni ó ti ka ìwé Konstantin Tsiolkovsky, olùkọ́ tí etí rẹ̀ di, tí ó fi ìṣirò hàn pé rọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbé ènìyàn kọjá afẹ́fẹ́ tí a ń mí, tí ó sì kọ ìtàn àròsọ nípa irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Gagarin ti kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú.

Ní ọdún 1960, a yàn án mọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú 20 tí a ó kọ́ ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì ṣe rí. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1961, ó gbéra ní Baikonur nínú ọkọ̀ Vostok, ó sì yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Bí ó ti ń padà bọ̀, apá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tí ó yẹ kí ó já sílẹ̀, kò tètè já. Wáyà dì í mú, ọkọ̀ sì ń pòyì. Nígbà tí ó já tán, tí ó ku nǹkan bí kìlómítà 7 kí ó kan ilẹ̀, Gagarin fò jáde, ó sì fi páráṣúùtì sọ̀ kalẹ̀ sínú pápá kan nítòsí odò Volga. Ìṣẹ́jú 108 ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Vladimir Komarov, kú nínú ọkọ̀ Soyuz ní ọdún 1967, ìjọba kò jẹ́ kí Gagarin tún lọ sí gbalasa òfurufú, kí ó má baà ṣòfò. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1968, ọkọ̀ òfurufú tí ó fi ń ṣe ìdánrawò já lulẹ̀, ó sì pa òun àti Vladimir Seryogin tí wọ́n jọ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 34 ni.

Kí a tó bí i, inú ìtàn àròsọ nìkan ni ènìyàn ti ń lọ sí òṣùpá. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn asọ̀tàn ni ó wá ń yá orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Star Trek, eré tẹlifíṣàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti bá ilẹ̀ rẹ̀ du ipò iwájú, a fi orúkọ rẹ̀ pe ayé àròsọ kan ní ọdún 1989, àti ọkọ̀ àròsọ kan ní ọdún 2017. Ìtàn àròsọ wà lára ohun tí ó fi ọ̀nà han ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà yìí. Nígbà tí ó lọ tí ó sì bọ̀, òun fúnra rẹ̀ di ìtàn.