Àjàyí Crowther àti Ìbéèrè Nípa Ìyà

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í tán lọ́kàn òbí: bí Ọlọ́run bá fẹ́ràn wa, èé ṣe tí Ó fi gba ibi láyè? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ọmọ bí ọdún méjìlá ni Àjàyí nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú Òṣóògùn ní ọdún 1821. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún ìdílé rẹ̀ kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì yà wọ́n nípa. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Nígbẹ̀yìn, àwọn Potogí rà á ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, a sì gbé e dé Sàró, níbi tí ó ti ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825.

Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó pe ọjọ́ tí a kó o ní ọjọ́ ibi, nítorí a fipá lé e kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ó tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí ọ̀nà ìgbàlà tí Ọlọ́run là fún un. Ẹ kíyè sí i pé kò fi orúkọ kejì pa èkíní rẹ́.

Àwa náà kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ojúkòkòrò ènìyàn ni ó bí òwò ẹrú. Ọlọ́run kọ́ ni ó rán àwọn akónilẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ọmọ bíi ti Àjàyí ni a kò sì gbà sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ni ibojì àwọn mìíràn. Èyí jinlẹ̀ ju òye wa lọ.

Ohun tí a rí ni pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àjàyí di àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún 1846 ó rí Àfálá, ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hánà. Ní ọdún 1864 Àjàyí di Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú Bíbélì Yorùbá tí a ń kà títí dòní.

Síbẹ̀ ìyà kò tán. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tẹ́ ẹ nínú iṣẹ́ tí ó fi ìgbà ogbó rẹ̀ ṣe lẹ́bàá odò Ọya. Kò torí rẹ̀ kúrò nínú Ìjọ títí ó fi kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Kristi tí ó wàásù rẹ̀ kò wo ìyà lókèèrè. Òun náà jẹ ẹ́ lórí àgbélébùú.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, bí ọmọ yín bá béèrè ìdí tí ìyà fi wà, ẹ má ṣe pe ibi ní rere fún un. Ẹ sọ ìtàn Àjàyí fún un, kí ó lè mọ̀ pé ibi kò lágbára tó láti dá iṣẹ́ Ọlọ́run dúró.