John Snow: Ẹni Tó Tọpa Ikú Dé Ẹnu Kànga

Ọmọ ọdún 18 ni John Snow nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Killingworth, nítòsí ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti lọ tọ́jú àwọn awakùsà èédú tí àrùn onígbáméjì ń pa. Kò tíì di dókítà nígbà náà. Ọmọ iṣẹ́ lásán ni lọ́dọ̀ oníṣègùn kan. Ìlú York ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 1813. Alágbàṣe ni bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ohun tó fojú rí ní Killingworth kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Ó dé London ní ọdún 1836, ó kẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè dókítà ní Yunifásítì London ní 1844. Iṣẹ́ oògùn akunnilóorun ló sọ ọ́ di olókìkí. Òun ni wọ́n pè ní 1853 nígbà tí Ọbabìnrin Victoria fẹ́ bímọ. Ì bá jókòó ti òkìkí yẹn, ṣùgbọ́n onígbáméjì ṣì ń jà lọ́kàn rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ni àwọn àgbà oníṣègùn gbà pé ó ń tan àrùn náà ká. Snow rò ó pé bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, kí ló dé tó jẹ́ inú ló kọ́kọ́ ń dà rú, tí kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró? Ní 1849, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde pé omi ló ń gbé e kiri. Wọn kò gbà á gbọ́.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1854, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà Broad Street ní London. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti pa ju ènìyàn 500 lọ. Snow ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń béèrè ibi tí àwọn òkú ti ń pọnmi nígbà ayé wọn. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń tọ́ka sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọtí bíà tó wà nítòsí, tí kì í mu omi náà, kò sí èyí tó kú nínú wọn. Opó kan sì wà ní Hampstead lọ́nà jíjìn, tó fẹ́ràn omi yẹn débi pé ó ń ránni lọ bù ú wá. Àrùn náà pa á. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, Snow gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn aláṣẹ àdúgbò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá lọ.

Henry Whitehead, ọmọ ọdún 28, jẹ́ igbákejì àlùfáà ní ìjọ St Luke's ládùúgbò náà. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́, ó sì pinnu láti fi hàn pé irọ́ ni. Ó padà lọ bá àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ nílé léraléra, ó ń béèrè. Ìwádìí tirẹ̀ gan-an ló yí i lọ́kàn padà. Òun ló rí i pé ọmọ ọwọ́ kan ti ń ṣàìsàn ní ojúlé 40 ṣáájú àwọn yòókù, tí ìyá rẹ̀ sì ń da omi ìlédìí rẹ̀ sínú kòtò ẹ̀gbin tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ sí kànga náà. Nígbà tí wọ́n walẹ̀ wò ó, ó ti ń jò. Whitehead gbà ní gbangba pé òun ṣìnà, òun àti Snow sì di ọ̀rẹ́.

Snow kú ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 1858, ní ẹni ọdún 45, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà kò tíì gbà fún un. Nígbà tí onígbáméjì padà sí London ní 1866, ìmọ̀ rẹ̀ ló mú kí wọ́n kìlọ̀ fún ará ìlú pé kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí lónìí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà sí, máa bá a lọ. Kan ilẹ̀kùn, béèrè, kí o sì kọ òtítọ́ sílẹ̀, kódà èyí tó dín ògo tìrẹ kù. Bí o bá sì jẹ́ Whitehead nínú ìtàn yìí, má ṣe tìjú láti yí padà. Onígbáméjì ṣì ń pa ènìyàn lọ́dọ̀ wa nígbà òjò. Iṣẹ́ náà kò tíì parí.