Anna Hinderer: Òyìnbó tó di ìyá ọmọ ọlọ́mọ ní Kúdẹtì

Kò sí ìyá kan ní Òkokomáikò, Ìbà tàbí Ọ̀jọ́ tí kò mọ bí ọkàn ṣe máa ń dàrú bí ara ọmọ bá gbóná lóru. Bí ilé ìtajà oògùn kan bá ṣì ṣí lẹ́bàá títì, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ara ọmọ náà kò sì balẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Kódà bí owó kò bá sí lọ́wọ́, ìyá náà mọ̀ pé dókítà wà níbì kan, ọkọ̀ sì wà tí yóò gbé òun débẹ̀.

Ẹ wá wo ìdílé kan tó fi ilẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ láti wá gbé níbi tí kò sí dókítà, tí kò sí ilé ìwòsàn, tí ogun sì tún wá dí gbogbo ojú ọ̀nà mọ́ wọn. Irú ayé tí Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà David Hinderer, gbé nílùú Ìbàdàn láàárín ọdún 1853 sí 1869 nìyẹn.

Ọ̀nà tí àwọn míṣọ́nnárì ayé ìgbà náà gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ọ̀jọ́. Kí wọ́n tó la títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, ojú omi ọ̀sà ni ọkọ̀ ń gbà láàárín ìlú méjèèjì, Ọ̀jọ́ sì wà lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí Hinderer fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wá ní nǹkan bí ọdún 1849, ọ̀nà Àgbádárìgì ni àwọn míṣọ́nnárì ṣì ń gbà, nítorí òwò ẹrú ló gbilẹ̀ l'Ékòó. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní ìparí ọdún 1851 ni ọ̀nà Èkó tó là. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Èkó ni tọkọtaya náà gúnlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n jọ dé ní oṣù kìíní ọdún 1853.

Ọmọ òrukàn láti Norfolk

Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827 ni wọ́n bí Anna ní abúlé Hempnall, ní àgbègbè Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Martin ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìlú Lowestoft tó wà létí òkun ló ti dàgbà, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, kó tó wá di ọmọ ilé àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti ìyàwó rẹ̀. Kó tó pé ogún ọdún ló ti ń kó àwọn ọmọ tálákà tí aṣọ wọn ti gbó jọ lọ́jọ́ Ìsinmi láti kọ́ wọn ní ìwé. Bóyá nítorí pé òun náà mọ ohun tí àìní ìyá jẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọdé kò ṣe kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi kú.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni David Hinderer, àmọ́ ìjọ CMS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ti dé Ìbàdàn lọ́dún 1851, ó rí i pé ìlú ológun ńlá tó kún fún èrò ni, ó sì pinnu pé ibẹ̀ lòun yóò ti ṣiṣẹ́. Oṣù kẹwàá ọdún 1852 ló gbé Anna níyàwó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n ti wà l'Ékòó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní Kúdẹtì

Ilé amọ̀ tóóró kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó kọ́ èyí tó tóbi díẹ̀ sí Kúdẹtì. Ní gbogbo ọjọ́ làwọn ènìyàn máa ń wá wo obìnrin funfun tó wà nínú ìlú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní dùùrù kan tó máa ń tẹ̀, tọmọdé tàgbà ló sì máa ń dúró gbọ́ ọ.

Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, lẹ́yìn náà ni ilé ìwé. Anna ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà àti orin, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán. Kò rọrùn láti rí ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn òbí ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Ìjòyè kan, Olóyè Olúnlóyọ̀, ló fi ọmọ méjì dán an wò: Yéjídé, ọmọbìnrin, àti Akínyẹlé, ọmọkùnrin. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jókòó sí ilé ìwé nílùú Ìbàdàn.

Anna kò bí ọmọ kankan. Àmọ́ ilé rẹ̀ kò fìgbà kan ṣófo. Àwọn ọmọ ìjòyè wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n rà padà lóko ẹrú náà wà níbẹ̀. Ìyá ni gbogbo wọn ń pè é, àwọn àgbà àdúgbò náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ilé tí kò sí dókítà

Anna kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, bí ọmọ bá ṣàìsàn nínú ilé míṣọ́nnárì, ìyàwó àlùfáà ni nọ́ọ̀sì, òun ni dókítà, òun náà ló ń ṣọ́ aláìsàn lóru. Oògùn díẹ̀ tí wọ́n bá gbé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lò, pẹ̀lú omi gbígbóná, oúnjẹ àti sùúrù.

Òun gan-an kò gbádùn. Ibà dá a gúnlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ibà pọ́njú náà sì ṣe é. Wọ́n ti mọ oògùn quinine nígbà náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn kan sàn ni ẹ̀fọn ń kó ibà mìíràn bọ̀ láti ojú fèrèsé.

Ìjọ CMS rán dókítà kan wá lóòótọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Edward Irving, ó sì ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì rí. Kò lò tó ọdún méjì nílẹ̀ Yorùbá tó fi kú lọ́dún 1855. Ọdún yẹn kan náà ni Kefer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, kú. Ara Anna àti ọkọ rẹ̀ kò gbé e mọ́, wọ́n lọ gba ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1856. Ẹlòmíràn ìbá jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858, wọ́n ti padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn ní Kúdẹtì.

Ogun Ìjàyè

Ohun tó ju ibà lọ wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1860. Lẹ́yìn tí Aláàfin Àtìbà wàjà, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ Àtìbà, gẹ́gẹ́ bí Aláàfin tuntun. Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì dí ojú ọ̀nà tó lọ sí etí òkun.

Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà, oògùn, owó àti oúnjẹ kò rọrùn láti wọlé fún ìdílé Hinderer mọ́. Dókítà mìíràn, Harrison, dé sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1861, àmọ́ bí ẹni pé ó wà lókè òkun ni fún àwọn tó wà n'Ìbàdàn, nítorí ìlú méjèèjì ń bá ara wọn jà.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù gidi ni fún alárùú. Nígbà tí ẹyọ tán nílé, Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé: aṣọ, páànù, ohun èlò ìdáná, gbogbo ohun tí ọjà bá lè rà. Ẹ̀wà àti iṣu ni wọ́n ń jẹ, ó sì níye tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́ kí oúnjẹ lè kárí àwọn ọmọ.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti yí padà. Àwọn tó wá láti ran ará Ìbàdàn lọ́wọ́ ló wá di ẹni tí ará Ìbàdàn ń ràn lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò fún wọn lóúnjẹ, àwọn mìíràn yá wọn lówó ẹyọ láì mọ ìgbà tí ọ̀nà yóò là tí wọn yóò fi rí i gbà padà. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Síbẹ̀, ilé náà kò ti ilẹ̀kùn. Lára àwọn tí ogun kó wọ Ìbàdàn ni ọmọdébìnrin kan tó bọ́ sọ́dọ̀ Anna. Ìyá ọmọ náà, tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tún rí ọmọ rẹ̀ nínú ìlú náà. Àwọn Hinderer ra ìyá náà padà, ìyá àti ọmọ sì jọ wà pa pọ̀.

Ìjàyè fọ́ lọ́dún 1862, àmọ́ ọ̀nà kò tètè là. Lọ́dún 1865, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láti gba inú igbó wá gbé wọn. Òru ni wọ́n dé. Ara Anna ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, kò sì sí àyè láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọkọ àti àwọn ọmọ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn gba ojú igbó lọ sí Èkó. David dúró ti iṣẹ́ kó tó lọ bá a.

Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Wọ́n tún padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn tí wọ́n sinmi, ṣùgbọ́n agbára ti tán. Ọdún 1869 ni wọ́n dágbére pátápátá. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870 ni Anna kú ní abúlé Martham, ní Norfolk. Ẹni ọdún 43 ni.

Iṣẹ́ kò dúró. Daniel Olúbí, ọ̀dọ́kùnrin tó tẹ̀ lé wọn láti Abẹ́òkúta tó ń sìn wọn nínú ilé, ló di olórí ìjọ n'Ìbàdàn. Wọ́n fi í joyè àlùfáà lọ́dún 1871, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí tó fi kú lọ́dún 1912. Ilé ìjọsìn St. David's ṣì wà ní Kúdẹtì. Orúkọ Anna náà ni wọ́n fi sọ ilé ìwé àwọn obìnrin St. Anne's n'Ìbàdàn, èyí tó jáde lọ́dún 1950 láti inú ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin Kúdẹtì àti ti CMS l'Ékòó.

Ọ̀pọ̀ òyìnbó ló kọ́ ilé sílẹ̀ Yorùbá. Ènìyàn ni obìnrin yìí kọ́, àwọn ènìyàn náà ló sì bọ́ ọ nígbà tí ebi ń pa á. Ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ní Ọ̀jọ́ tàbí Ìbà lálẹ́ òní ní oògùn àti dókítà tí Anna kò ní. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ láàárín òru, ohun tó ń wá kò yàtọ̀ sí èyí tí Anna rí ní Kúdẹtì. Kí ìlẹ̀kùn náà má ṣe wà ní títì.